Ta Ni Yóò Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìletò Níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ ìletò wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ mọ̀ bí ó ti ń rí. Òbí a fa ọmọ lé ọ̀gá káfíńtà, bíríkìlà tàbí télọ̀ lọ́wọ́; wọn a dá iye ọdún, wọn a tọwọ́ bọ̀wé; nígbà tí ó bá parí, a ó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n ní ìletò, iṣẹ́ a máa wọ́n ọ̀gá pàápàá, irin-iṣẹ́ rẹ̀ kì í pé, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí náà ni púpọ̀ fi ń lọ sí ìlú ńlá kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ dé ìdajì.

Njẹ́ ta ni yóò ràn wọ́n lọ́wọ́? Ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́la ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1971 ni ìjọba dá àpò owó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Industrial Training Fund. Òfin tí a tún ṣe ní 2011 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san náírà 1 nínú 100 owó oṣù wọn sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ lè rí tó ìdajì gbà padà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ìletò tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì péré kì í san, kì í sì í gbà. Aládùúgbò rẹ̀ ni ìrètí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ tọrọ àánú lọ́wọ́ onílé ìlagi tàbí agbaṣẹ́ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Irú iṣẹ́ wo ni ẹ ń wá ẹni ṣe tí ẹ kò rí?” Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ ní ohun kékeré: irin-iṣẹ́ kan, oúnjẹ ọ̀sán, tàbí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹ mú ọmọ náà wá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fa ọmọ yọ láàárín ọ̀nà nítorí owó kékeré. Èyí ni í mú kí ọkàn ọ̀gá tutù sí ọmọ ẹlòmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá tí ó bá ran ọmọ-iṣẹ́ lọ́wọ́ lónìí kò ní wá òṣìṣẹ́ tì lọ́la.