Ààrò Igi àti Epo Bẹntiróòlù Nínú Ọkọ̀ Kan Náà

Ẹ̀yin apẹja Ìlàjẹ ní Bàrígà, ẹ ní bí baba yín ṣe ń dáná nínú ọkọ̀ nìyẹn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ àti ìgbòkun ni baba yín fi ń rìn. Ẹ̀yin ní ẹ́ńjìnnì, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sì ń bá ààrò gbé. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń rọ̀ sí, títí yóò fi kan iná. Ti alẹ́ tilẹ̀ burú jù. Ẹ ó ta tapólì nítorí òjò, ẹ ó gbé ẹyin iná sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn. Olóorun kò ní mọ̀ ọ́n. Èwo ni ti baba nínú èyí? Ẹ se oúnjẹ yín ní èbúté kí ẹ tó gbéra.