Àsíà Kọ́ Ni Oúnjẹ: Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó Oúnjẹ Ítálì ní Lọ́ńdọ̀nù

Nínú abala ìdílé wa ti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ilé wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìyá wa a sì máa lọ síbẹ̀ láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá fẹ́ ṣe àpọ́nlé òbí tó ti ilé wá, tàbí bí wọ́n bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ilé oúnjẹ Ítálì wà lára ibi tí wọ́n máa ń mú wọn lọ.

Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lásán. Wọn a gbé pásítà tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ síwájú ìyá àgbà, ọbẹ̀ rẹ̀ a dùn bí ṣúgà, owó rẹ̀ a sì tó èyí tí ìdílé kan lè fi jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ìyá bá padà délé, yóò ní oúnjẹ àwọn ará Ítálì kò dára. Ẹ̀yin ará, ìyá kò tíì jẹ oúnjẹ Ítálì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tà fún un.

Báwo wá ni àlejò ṣe lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú? Ìdáhùn wa kò gùn. Kí a má wo àsíà aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ló lè ra àsíà. Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè: níbo ni oúnjẹ yìí ti wá, báwo ni wọ́n ṣe sè é, àti pé àwọn wo ló ń jẹ ẹ́?

ÌLÚ LÓ NI OÚNJẸ

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ọdún 1861 ni Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ṣáájú ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìjọba tirẹ̀, ó sì ní ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀. Èyí kò ṣòro fún wa láti lóye. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ń ta oúnjẹ Yorùbá, ẹ ó bi í pé ti ibo? Ìjẹ̀bú ló ni ìkọ́kọrẹ́, àwọn Èkìtì ló ń fi iyán yangàn, ẹni tó bá sì fẹ́ àmàlà, ojú Ìbàdàn ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Ítálì. Naples ló ni pizza. Róòmù ló ni carbonara. Bologna ló ni ragù, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń sè pẹ́.

Àwọn ará Bologna kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, wọ́n kọ bí a ṣe ń se ragù sílẹ̀, wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ìlú náà, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. Pásítà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tagliatelle ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Spaghetti bolognese tí gbogbo ayé ń pè, òkè òkun ló ti gba orúkọ. Nítorí náà, ilé oúnjẹ tó bá sọ irú ìlú tí oúnjẹ rẹ̀ ti wá ti fi ẹsẹ̀ kan sínú òtítọ́.

IBI TÍ WỌ́N TẸ̀DÓ SÍ

Bí òyìnbó kan bá bi wá pé níbo ni òun ti lè jẹ àmàlà ní Lọ́ńdọ̀nù, a kò ní darí rẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ya àwòrán gángan sára ògiri. Peckham ni a ó júwe fún un, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ra ẹ̀lùbọ́ àti gàrí. Ọ̀nà kan náà ni kí a gbà wá ti Ítálì.

Àdúgbò Clerkenwell ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ gbé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tálákà ni wọ́n. Àwọn kan ń pọ́n ọ̀bẹ, àwọn kan ń ta áísì kiríìmù, àwọn mìíràn ń lu dùrù kiri òpópónà. Ní ọdún 1863 wọ́n ṣí ìjọ Kátólíìkì tiwọn, St Peter's. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá ìsọ̀ Terroni sílẹ̀ ní ọdún 1878, láti máa ta oúnjẹ ilé fún àwọn tí àárò ilé ń sọ. Ní oṣù keje ọdọọdún ni ìjọ náà ń ṣe ìwọ́de ńlá, tí wọ́n sì ń ta oúnjẹ lóríṣiríṣi nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìyá arúgbó Ítálì ń rà.

Soho ni àdúgbò kejì. Ọdún 1944 ni wọ́n ṣí ìsọ̀ Lina Stores ní Brewer Street, ọdún 1949 sì ni Bar Italia, ilé kọfí, bẹ̀rẹ̀ ní Frith Street. Inú ilé tí Bar Italia wà yìí gan-an ni John Logie Baird ti kọ́kọ́ fi tẹlifíṣọ̀n han àwọn onímọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1926.

Ẹ kíyè sí ọdún 1944 yẹn, nítorí ogun kò tíì parí nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940 ni Ítálì dara pọ̀ mọ́ Jámánì láti bá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà. Wọ́n fọ́ fèrèsé ìsọ̀ àwọn ará Ítálì, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin wọn: alásè, agbáwo, onísọ̀. Wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sínú ọkọ̀ ojú omi Arandora Star pé kí ó gbé wọn lọ sí Kánádà. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1940, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì ri ọkọ̀ náà, àwọn ará Ítálì tó ju 400 lọ sì kú. Ìrántí wọn wà ní ìjọ St Peter's títí di òní. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ irú ìsọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ohun tó ná àwọn ìdílé kan ní omijé ni wọ́n tọ́jú dè yín. Ẹni tó bá wá fi àsíà lásán gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, òógùn àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí a sọ èyí pẹ̀lú: orúkọ onílé nìkan kò tó ẹ̀rí. Ilé oúnjẹ E. Pellicci ti wà ní Bethnal Green Road láti ọdún 1900. Ìdílé Ítálì ló ni ín, síbẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹran díndín, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ wọ ibẹ̀. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí àdúgbò fẹ́ ni wọ́n ń sè.

Ẹ KA ARA AGOLO

Nínú ìsọ̀, ojú yín ni yóò gbà yín. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: D, O, P. Ó túmọ̀ sí pé òfin dáàbò bo orúkọ ọjà náà, àti pé ìlú tí a dárúkọ ni wọ́n ti ṣe é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n orúkọ tí òfin ti dáàbò bò kí ọdún náà tó parí ṣì ní ààbò níbẹ̀.

Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano: wàrà màálù, iyọ̀ àti ohun tó ń mú wàrà dì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 ó kéré tán kí wọ́n tó tà á. Wọ́n fi ààmì kéékèèké kọ orúkọ rẹ̀ yí èèpo rẹ̀ ká, nítorí náà ẹ ra èyí tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra. Níbẹ̀, wọ́n lè kọ Parmesan sára wàràkàṣì tí kò fojú kan Ítálì rí.

Itan ẹlẹ́dẹ̀ Parma: iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Adé ọba tí wọ́n kọ PARMA sínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sára awọ rẹ̀.

Tòmátì San Marzano: pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Sarno nítòsí Naples ló ti ń wá. Bí agolo bá kọ San Marzano ṣùgbọ́n tí kò ní ààmì DOP, ẹ má san owó ojúlówó lórí rẹ̀.

Pásítà gbígbẹ: láti ọdún 1967 ni òfin Ítálì ti sọ pé àlìkámà líle ni kí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó dára máa ń rí ráúráú lára, nítorí ihò idẹ ni wọ́n tì í gbà jáde, ọbẹ̀ a sì lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bá onísọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ yóò gé díẹ̀ fún yín tọ́ wò, yóò sì sọ bí ẹ ó ṣe sè é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, owó nìkan ni yóò mẹ́nu kàn.

NÍNÚ ILÉ OÚNJẸ

Ẹ ka ìwé oúnjẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó jókòó. A ti wọ ibì kan rí tí ìwé rẹ̀ gùn bí ìwé ìpolongo ìbò, tí pizza, ẹja díndín àti ọbẹ̀ Íńdíà wà lójú ewé kan náà. Ọlọ́wọ́ kan kì í se ìkòkò ọgọ́rùn-ún kí gbogbo rẹ̀ dùn. Ìwé tó kúrú sàn jù.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń se carbonara. Ẹyin, wàràkàṣì àgùntàn, ata gúnlẹ̀ àti ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni ti Róòmù. Bí wọ́n bá ní àwọn ń da ọ̀rá wàrà sí i, ẹ mọ ibi tí ẹ wà. Pásítà tòótọ́ máa ń le díẹ̀ lábẹ́ eyín. Ní ti pizza Naples, iná rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 lọ nínú ààrò. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é sínú ìwé ogún ìran ènìyàn. Etí rẹ̀ a wú, iná a sì dá àmì dúdú díẹ̀díẹ̀ sí i lára. Kì í ṣe pé ó jóná.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí kì í fi ẹnu kan ọtí: ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ. Wọ́n sábà máa ń da wáìnì funfun sínú risotto, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń rò lórí iná, wọ́n sì sábà ń fi ọtí sínú tiramisù, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń fi kádìí. Ẹ má tijú láti béèrè.

OWÓ ILÉ ŃKỌ́?

Kò pọn dandan kí ìdílé ná owó oṣù kan nítorí oúnjẹ alẹ́ kan. Lọ́wọ́ onísọ̀ rere, páálí pásítà kan, agolo tòmátì kan, aáyù, òróró ólífì àti wàràkàṣì díẹ̀ tó láti bọ́ ènìyàn mẹ́rin nílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín sè é, kí wọ́n sì ka ara agolo fún yín sókè. Ọmọ tó bá kọ́ láti béèrè ibi tí tòmátì ti wá yóò kọ́ láti béèrè ibi tí gàrí Ìjẹ̀bú rẹ̀ ti wá pẹ̀lú, kò sì ní tètè gba ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá sì ti rí ojúlówó ìsọ̀ kan, ẹ máa padà lọ síbẹ̀, kí ẹ sì júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Owó ilé Soho wọ́n púpọ̀, àwọn oníbàárà tó mọ rírì ọjà ló ń mú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹni tó ń ta òtítọ́ yẹ kí ó rí ẹni ra òtítọ́.

Ó dìgbà kan ná. Kí oúnjẹ má wọ́n nílé yín o.