Àwọn LPN Tí Ń Ṣiṣẹ́ Tí Wọ́n Tún Ń Kàwé: Ẹ Jẹ́ Kí Ẹgbẹ́ Bá Wọn Gbé Ẹrù Náà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn nọ́ọ̀sì LPN tí ó wà láàárín wa, pàápàá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì fẹ́ kàwé di RN. Àkókò tí a óò tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ láti ṣe àdéhùn tuntun ti ń sún mọ́lé. Ohun tí a kò bá béèrè nísinsìnyí, títí àdéhùn náà yóò fi parí ni a óò máa fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ là á. Oríṣi nọ́ọ̀sì méjì ni a sábà máa ń rí ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí. Èkíní ni LPN, tí wọ́n ń pè ní LVN ní Texas àti California. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ máa ń gbà tó ọdún kan. Èkejì ni RN, tí ó lè kàwé ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tàbí ọdún mẹ́rin ní yunifásítì. Ìdánwò láísẹ́nsì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. LPN a máa fún aláìsàn ní oògùn, a máa di egbò, a máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ RN tàbí dókítà ni òfin fi í sí. RN ni ó ń kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò láti orí dé ẹsẹ̀, òun náà ni ó sì ń ṣètò bí a óò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Bí a bá to gbogbo LPN ilẹ̀ yìí sórí ìlà kan, láti ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ dé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ẹni tí ó bọ́ sí àárín gba $62,340 lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti oṣù karùn-ún ọdún 2024. Bí a bá to àwọn RN bẹ́ẹ̀, ẹni àárín gba $93,600. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lé ní $31,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Owó ilé-ìwé ọmọ ni, owó ilé ni, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé sì ni pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí LPN bá ní orí ìwé, ìbá ti di RN tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí wa nínú. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1987 sọ pé ilé ìtọ́jú arúgbó gbọ́dọ̀ ní RN lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 8 tí ó tẹ̀léra lójoojúmọ́. Nínú wákàtí 16 tí ó kù, nọ́ọ̀sì tí ó ní láísẹ́nsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, LPN sì tó fún un. Ta ni ó ń ṣọ́ ilé lóru? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a lè fi ilé tí ó kún fún àwọn arúgbó lé lọ́wọ́ láti alẹ́ di òwúrọ̀, kí ni ó kù tí a óò fi sọ pé orí rẹ̀ kò lè gbé ìwé RN?

Ohun tí ń dá àwọn ènìyàn wa padà lójú ọ̀nà ni wákàtí àti owó. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó gba ènìyàn sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, yóò ti ka ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà ènìyàn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀nà àbùjá tí ó bófin mu fún LPN, tí wọn yóò ka ohun tí ó ti mọ̀ sí i lọ́rùn, tí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdánrawò ní ọsibítù kò ní àbùjá. Ọjọ́ àti wákàtí tí ilé-ìwé bá mú ni a gbọ́dọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ni lọ síbẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ìwé ìpín-iṣẹ́ wa, tí ń yí padà bí ojú ọjọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ń ṣiṣẹ́ láti aago 11 alẹ́ di aago 7 àárọ̀. Aago 7 àárọ̀ náà ni iṣẹ́ ìdánrawò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kúrò ní aago 6 lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kí òun sì san wákàtí náà padà ní ọjọ́ mìíràn. Máníjà ní àyè kò sí. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ bá a lọ, a sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú àdéhùn wa tí a lè nàka sí. Obìnrin yìí fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí ó ku sáà ẹ̀kọ́ kan. Máàkì rẹ̀ kò fìgbà kan wálẹ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni ó dá a padà.

Ti owó náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan á ní àwọn ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó ilé-ìwé, kí ẹ yege, kí ẹ mú èsì wá, kí àwọn tó dá owó padà. Ẹni tí ó ní owó náà nílẹ̀ kò wá ìrànlọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó sì dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù kí ó lè ráyè kàwé lè rí i pé ìnṣọ́ránsì ìlera òun àti ti àwọn ọmọ òun ti bọ́. Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé owó-orí ni kò jẹ́. Òfin owó-orí ti fàyè gba agbanisíṣẹ́ tipẹ́ láti san tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ kan, láìka á mọ́ owó oṣù rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà tààrà bá há, àwọn oníjìbìtì a la tiwọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 lórí dípúlómà nọ́ọ̀sì ayédèrú. Láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní Florida ni àwọn ìwé náà ti jáde, iye wọn sì lé ní 7,600. Àwọn tí ó rà wọ́n kò ṣe iṣẹ́ ìdánrawò kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ìwé náà ṣílẹ̀kùn ìdánwò láísẹ́nsì fún wọn, ó sì tó 2,400 nínú wọn tí ó yege. A kò gbè wọ́n lẹ́yìn rárá. Aláìsàn tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n fi sínú ewu, wọ́n sì fi orúkọ àwọn tí ó kàwé tọkàntọkàn wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó mú kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ráyè sùn ni oníjìbìtì ń wá kiri.

Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Ní New York, láti 1969 ni ẹgbẹ́ 1199 ti gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ nípasẹ̀ àdéhùn. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sínú àpò náà, ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sì jọ ń bójú tó o. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń gbálẹ̀, àwọn tí ń se oúnjẹ àti àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ti gba ibẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ tí ó ga ju tiwọn lọ. Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní, “Bí LPN bá di RN, yóò fi wá sílẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi agbára wa ṣe fún ẹni tí ń lọ?” Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdùn. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù, àwọn RN dá wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Ní 2006 pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ ìjọba tí a ń pè ní NLRB dájọ́ nínú ọ̀rọ̀ Oakwood pé RN tí wọ́n fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù títí lọ, tí ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, lè di ọ̀gá lójú òfin. Òfin náà kò sì dáàbò bo ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Èsì wa ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń di àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iye rẹ̀ má bàa dín kù ti di ẹgbẹ́ ọ̀gá. Bí LPN kan bá gòkè, àyè rẹ̀ ṣófo fún ẹni tí ń wẹ arúgbó tí ó sì fẹ́ di LPN. Bẹ́ẹ̀ sì ni RN tí ẹgbẹ́ ràn lọ́wọ́ kò ní gbàgbé bí alẹ́ ti gùn tó fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé lọ sórí tábìlì. Èkíní, ẹni tí ó bá mú ìwé ilé-ìwé wá, kí wọ́n má ṣe yí ìpín-iṣẹ́ rẹ̀ padà títí sáà ẹ̀kọ́ náà yóò fi parí, kí wọ́n má sì fi dandan mú un ṣe àfikún iṣẹ́ ní ọjọ́ ìdánrawò. Èkejì, kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ fún ilé-ìwé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó dín wákàtí rẹ̀ kù nítorí ẹ̀kọ́ má ṣe pàdánù ìnṣọ́ránsì rẹ̀ tàbí ọdún tí ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá sì yege, kí wọ́n kọ́kọ́ fi àyè RN tí ó ṣí sílẹ̀ lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wá ẹni láti ìta.

Ẹ̀yin LPN, ẹ̀yin náà ní ti yín láti ṣe. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ìwé kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ yín bóyá wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì wo iye àwọn tí ń yege níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò sí iṣẹ́ ìdánrawò, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó àwọn tí ń kàwé, ẹ jọ̀wọ́, ìkòkò ọbẹ̀ kò mọ ẹni tí ó gbé e kaná. Ẹ̀yin tí ẹ ti di RN, ẹ má ṣe sun ìwé yín àtijọ́, ẹ fún àwọn àbúrò yín.

Ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ ni a óò dìbò lórí ohun mẹ́ta yìí. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, ẹ wọlé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bí yàrá ìpàdé bá ṣófo, àwọn agbanisíṣẹ́ yóò gbọ́. Bí ó bá kún, wọn yóò gbọ́ ìyẹn náà.