Ọyẹ́, Bọ́ǹbù àti Amánà



Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ọjà tí a pàtẹ, ẹ rántí pé láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ náà ti ń fẹ́ bọ̀. Ní aṣálẹ̀ yìí kan náà, ní Reggane ní ilẹ̀ Algeria, ni ìjọba Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ. Nígbà tí wọ́n yin ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún náà, òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀ ìjọba Alhaji Abubakar Tafawa Balewa kò wojú ẹnikẹ́ni: ní oṣù kìíní ọdún 1961 ó lé aṣojú Faransé kúrò nílẹ̀ wa, ó sì ti èbúté mọ́ ọkọ̀ wọn.

Àwọn kan lè wí pé ariwo lásán ni, nítorí Faransé kò jáwọ́ ní aṣálẹ̀ náà títí di ọdún 1966, lẹ́yìn ìdánwò 17. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìkà ṣì ní ẹnu tí yóò fi kọ̀ ọ́. Nàìjíríà kò sì yí ohùn padà: ní ọdún 1968 ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun kò ní ṣe bọ́ǹbù náà, ní ọdún 2020 ó sì fi àṣẹ sí èyí tí ó kà á léèwọ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n agbára átọ́míìkì kì í ṣe ti ìparun nìkan. Láti ọdún 2004 ni ẹ̀rọ kékeré kan, tí a ṣe ní China, ti ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń lò jẹ́ irú èyí tí a lè fi ṣe bọ́ǹbù. Ní ọdún 2018 a pààrọ̀ rẹ̀, a sì dá ti àtijọ́ padà sí China. Ìwà olùpamọ́ amánà nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn yóò fi agbára yìí pèsè iná mànàmáná. Iná wù wá, nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè wa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Koko, níbi tí a ti rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní ọdún 1988. Ẹni tí a kò lè fọkàn tán lórí òṣùwọ̀n gààrí, a kì í fún un ní wúrà pa mọ́. Kí ìjọba kọ́kọ́ sọ ibi tí wọn yóò kó ìdọ̀tí átọ́míìkì sí, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí a tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ sí ọkàn àwọn alákòóso wa. Ààmín.