Ẹnu Púpọ̀ Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí Púpọ̀

Ní òru tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2014, oorun dá lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Tẹlifóònù ń dún láti ilé dé ilé. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ará ìjọ ń pe ará ìjọ, ohùn kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: kí olúkúlùkù dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó gbé omi kaná, kí ó da iyọ̀ sí i, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí àrùn Ẹ̀bólà má baà mú un. Àwọn tí kò ní tẹlifóònù gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Kí oòrùn tó yọ, ẹni tí ó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, arúgbó àti ọmọ ọwọ́, ti wẹ omi iyọ̀.

Iyọ̀ kò lè wo Ẹ̀bólà sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dènà rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera sọ èyí ní gbangba, ṣùgbọ́n ariwo òru ti sáré ṣáájú wọn. Nígbà tí oṣù náà dé ìdajì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àrùn tí wọ́n ń sá fún kò fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìròyìn ni ó pa wọ́n.

Kí ó yé àwọn tí ó ń ka ìwé yìí nítorí ìlera ara: iyọ̀ tí ó mọ níwọ̀n nínú ọbẹ̀ kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a máa fa omi jáde kúrò nínú gbogbo ẹran ara, àti nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Orí a máa fọ́ ẹni náà, èébì a máa gbé e, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín ni ewu náà tètè ń bá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn tí ó wẹ̀ ní òru ọjọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni ó mú kí ìyá jí ọmọ rẹ̀. Iyọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ohun àjèjì: a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, a sì fi ń súre fún ìyàwó, ta ni yóò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá? Owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Bí ọkùnrin kan bá sì jókòó sórí ibùsùn ní agogo méjì òru, tí ó ń béèrè pé, “Ta ni ó ti rí ẹni tí omi iyọ̀ gbà lọ́wọ́ Ẹ̀bólà?” àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wí pé agídí ni ó ń ṣe, tàbí pé ìwé ti dà á lórí rú. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá sín ní ọjọ́ kejì ńkọ́? Ó rọrùn láti wẹ̀ ju láti ṣàlàyé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ rárá ṣe gbé korobá lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyí. Ẹni tí ènìyàn mẹ́wàá pè ní òru náà rò pé òun ní ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi ẹni kìn-ín-ní léèrè, yóò wí pé ẹnu ẹ̀gbọ́n òun ni òun ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n yóò wí pé ẹnu ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀rẹ́ yóò wí pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohunkóhun. Ẹnu mẹ́wàá ni, kò sí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí a bá gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wá síwájú àwọn àgbà ilé nítorí ewúrẹ́ tí ó jẹ iṣu oníṣu, wọn yóò lé ẹni tí ó gbé e wá jáde. Nítorí ẹ̀mí ara wọn, àwọn àgbà kan náà gbà á láìbéèrè.

Ọ̀mọ̀wé kan ti dán irú ọ̀ràn yìí wò tipẹ́tipẹ́. Solomon Asch ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Poland ni a gbé bí i ní ọdún 1907, Amẹ́ríkà ni ó sì ti di olùkọ́. Ní ọdún 1951 ni ó gbé àbọ̀ ìdánwò náà jáde. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ sínú yàrá, ó sì fi páálí méjì hàn wọ́n. Ilà kan ni ó wà lórí èkíní. Ilà mẹ́ta tí gígùn wọn kò dọ́gba ni ó wà lórí èkejì. Kí wọn sọ èwo nínú mẹ́ta náà ni ó gùn tó ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ni Asch ti bá mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kí wọn máa fi ohùn kan dáhùn èké. Ẹni kan náà kò mọ̀. Ìhà ìparí ni a sì fi í sí, kí ó lè gbọ́ ìdáhùn àwọn ìyókù kí ó tó la ẹnu tirẹ̀. Ìgbà méjìdínlógún ni a fi páálí hàn wọ́n. Ní ìgbà méjìlá nínú rẹ̀, èké ni àwọn yòókù pa.

Nígbà tí irú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ dá dáhùn láìsí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn, agbára káká ni wọ́n fi ń ṣì í. Láàárín àwọn tí ó ń pa èké, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìdáhùn wọn tí ó tẹ̀lé irọ́. Nínú ènìyàn mẹ́rin, mẹ́ta ni ó tẹ̀lé irọ́ náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tí ó gbé pàṣán sí wọn, kò sí owó ìtanràn, ìjọ kò ní yọ ẹnikẹ́ni. Ojú ni ó tì wọ́n láti dá yàtọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ojú àwọn ni kò ríran mọ́.

Ohun kan wà nínú ìdánwò náà tí ó ju gbogbo èyí lọ. Nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo sáàárín wọn tí ó ń sọ òtítọ́, àwọn ìdáhùn èké ọ̀dọ́mọkùnrin náà dín kù dé bí ìdámẹ́rin ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí a jẹ́ kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé dípò kí ó kígbe rẹ̀ sókè, ó túbọ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ òtítọ́ ní inú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde ni wọ́n ń retí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó ní ọdún omi iyọ̀ náà gan-an. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú òru tí a sọ, ọkọ̀ òfuurufú gbé ọkùnrin kan dé láti ilẹ̀ Liberia. Patrick Sawyer ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ni, ìpàdé ní Calabar ni ó sì ń lọ. Àìsàn ti mú un. Ó ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní àkókò náà, nítorí bẹ́ẹ̀ a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obáléndé. Ibà ni a kọ́kọ́ pe àìsàn náà. Ẹni tí ó bá mọ Èkó kò ní bá wọn wí.

Ní ọjọ́ kejì ni àgbà dókítà ibẹ̀, Ameyo Stella Adadevoh, yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdílé Herbert Macaulay ni obìnrin yìí ti wá, láti ìran Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ̀bólà kò tíì wọ Nàìjíríà rí, nítorí náà òun pẹ̀lú kò tíì tọ́jú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí lára ọkùnrin náà kò bá ibà mu. Ó bi í bóyá ó ti fara kan ẹni tí ó ní Ẹ̀bólà. Ọkùnrin náà ní rárá. Dókítà náà kò bá a jà, kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àmín. Ó jẹ́ kí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì yà á sọ́tọ̀ kí èsì tó dé.

Nígbà náà ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ máa lọ, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ rẹ̀ sì ń pè, wọ́n ń wí pé kí a tú u sílẹ̀ kí ó lọ sí ìpàdé, pé ẹni tí ó bá dá a dúró ń tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pé ọ̀ràn náà lè di ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí ó wà níwájú obìnrin yìí. Ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní oyè àti agbára ìjọba lẹ́yìn. Bí àyẹ̀wò bá dé tí ó sì jẹ́ ibà, òun ni yóò gba ẹ̀gàn, ilé ìwòsàn rẹ̀ ni yóò gba ìwé ìpẹ̀jọ́. Láti fi ọwọ́ sí ìwé pé kí ó máa lọ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi ní ọjọ́ náà.

Ó kọ̀. Àyẹ̀wò dé, Ẹ̀bólà ni. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, láì tíì kúrò ní ilé ìwòsàn. Kò yẹ láti gbé òkú ṣépè. Ẹ̀rù ikú a máa mú kí ènìyàn sọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti ran dókítà Adadevoh àti àwọn mìíràn tí ó tọ́jú rẹ̀. Dókítà náà kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn òru omi iyọ̀. Ogún ènìyàn ni Ẹ̀bólà mú ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún náà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ níbẹ̀. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, àwọn tí ó kú kí ó tó tán ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ. Ẹni tí ó bá ti wọ Obáléndé ní ọjọ́ ọjà lè ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí a bá ti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde.

Àwọn kan a máa gbọ́ irú ìtàn báyìí, wọn a sì rò pé kíkọ̀ ni ọgbọ́n. Wọn kò gbọ́ ọ yé. Ní ọdún 2014 kan náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń wí pé kò sí Ẹ̀bólà rárá, pé àwọn aláṣẹ fẹ́ fi kówó jẹ ni. Àwọn náà kò rí ohunkóhun. Ẹni tí ó ń wo ibi tí èrò ń lọ kí ó lè gba ọ̀nà kejì, èrò náà ni ó ń darí rẹ̀ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn. Dókítà Adadevoh kò kọ̀ nítorí kí a lè wí pé ó kọ̀. Ó ní ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ kí àyẹ̀wò lè dá a láre tàbí dá a lẹ́bi.

Àgbẹ̀ gidi mọ ọ̀nà yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní oṣù kẹta, tí a sì ń pariwo pé gbogbo oko ìhà ọ̀hún ti gbin àgbàdo, kì í dáhùn kíákíá. A mú ọkọ́, a gbẹ́ ilẹ̀ wò, a wo bí omi ti wọlẹ̀ tó. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, yóò dúró, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ. Ó mọ̀ pé èéhù tí ọ̀dá bá bá ní ilẹ̀ yóò rọ, a ó sì tún irúgbìn rà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, yóò gbìn ní ọjọ́ náà gan-an pẹ̀lú gbogbo ìlú, kò sì ní ṣe é bíi pé ó ti di ẹni tí ó ń tọ èrò lẹ́yìn.

Ó kù kí a sọ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè ní òru, nítorí pé dídá ronú kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti já tẹlifóònù mọ́ ìyá rẹ̀ létí, tàbí láti pè é ní aláìmọ̀kan. Kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́: “Ẹ ṣeun, ìyá mi, ẹ kú àìsùn wa.” Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ta ni ó sọ fún yín? Òun fúnra rẹ̀ rí i bí, àbí wọ́n sọ fún un ni?” Kí ó sì ní sùúrù títí ìyá yóò fi rántí pé ìyá Táyé ni ó pe òun, àti pé ìyá Táyé wí pé wọ́n ní ni. Kí ó wá bẹ̀ ẹ́ pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ní, kí ó má ṣe fi omi náà kan ẹnu, kí ó sì pe ìyá Táyé padà kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí ó lè jẹ́ pé òun pẹ̀lú kò fẹ́ mu ún, ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ó ń dúró dè. Kí ìyá da iyọ̀ padà sínú ìgò rẹ̀, kí ó padà lọ sùn. Ọbẹ̀ ọ̀la ṣì ń fẹ́ iyọ̀.