Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Òṣìṣẹ́ Mọ Ìwé Owó Kà



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a bá àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwó. Ọ̀gá àgbà kò bá wa jà. Ó kàn ti ìwé kan sí iwájú wa, ó ní kí a fi ojú ara wa rí i pé ilé-iṣẹ́ pàdánù lọ́dún náà. Àwa tí a lọ síbẹ̀, ìwé mẹ́fà àti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a kà. A wo ìwé náà lọ, a wò ó bọ̀, a dákẹ́. Ìdajì ohun tí a bèèrè ni wọ́n fún wa, a sì dúpẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a mú ẹ̀dà ìwé yìí lọ bá ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa, awakọ̀ dánfó ní Ìkọ̀tùn. Ọmọ náà wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìmọ̀ ìṣúná owó tí wọ́n ń pè ní fáínáǹsì ni ó ń kọ́. Ó fi bírò fa ìlà sí ìdí ohun kan, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ wo ibí yìí. Owó gbígbó ẹ̀rọ nìyí." Ó ṣàlàyé pé bí ilé-iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ ní mílíọ̀nù 10 náírà, tí wọ́n sì gbà pé yóò lo ọdún 10, wọn yóò máa kọ mílíọ̀nù kan sílẹ̀ lọ́dọọdún bí ìnáwó. Kò sí ẹni tó ń san mílíọ̀nù náà jáde lọ́dún yẹn. Inú ìwé ni ó wà. Kì í ṣe irọ́, nítorí ẹ̀rọ á gbó, wọn á sì ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, owó tó wọlé lọ́dún náà ju èyí tó jáde lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ọ̀gá nìyẹn, a kò sì mọ̀ ọ́n bi.

Bàbá ọmọ yìí kan náà ti ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ń fi fáínáǹsì ṣe? Ṣé orí káńtà báńkì kọ́ ni wàá parí rẹ̀ sí?" Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọ táì ní báńkì lónìí, abẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n wà, bíi káṣúà inú ilé-iṣẹ́ wa. Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí olówò báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ọmọ yunifásítì ni púpọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n báńkì jẹ́ ilẹ̀kùn kan péré lára ilé ńlá. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ náírà 8 nínú 100 owó oṣù wa, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un. Àwọn tó ń pinnu ibi tí wọn yóò fi owó yẹn dókòwò, ìmọ̀ yìí ni wọ́n kọ́. Òun náà ni a ń lò nídìí adójútòfò, ní ọjà ṣíà tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1961, nídìí ọ́dítọ̀, àti nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Akintola Williams, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di akáǹtáǹtì oníwèé-ẹ̀rí, ní 1949. Ó ṣí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1952, ó sì gbé ayé títí di 2023.

Kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Èkó ní Akọkà ń kọ́ ọ, LASU ní Ọjọ́ ń kọ́ ọ; láti Ìgàndó, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Kí ọmọ yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Láti 2024 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní owó tí kò ní èlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú ọmọ tí kò fẹ́ ìṣirò.

Àwọn kan ń sọ pé ọmọ tó bá mọ ìwé owó, ẹ̀yìn aláṣẹ ni yóò lọ dúró sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n bí àwa bá kọ̀ láti rán tiwa, tani yóò ka ìwé fún wa? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, a ó dá a lábàá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lórí ìwé owó, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì sì wá máa kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá tún ti ìwé sí iwájú wa, kí ó má bá wa ní dídákẹ́ mọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.