Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Ìsìnkú

Bíbélì kíkà: Máàkù 14:3-9

Obìnrin tí ó da òróró olówó iyebíye sí Jésù lórí ní Bẹ́tánì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe. Ó tètè ṣe é. Kí àwọn obìnrin yòókù tó gbé òróró olóòórùn dídùn dé ibojì, Jésù ti jí dìde. Èyí tí wọ́n dà ní Bẹ́tánì ni Ó fi ara mọ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn aláìsàn tí ó wà nílé, tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá fínra. A máa ń bẹ̀ wọ́n wò. A ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a ó gbàdúrà kíkankíkan, a ó gbé ọsàn kalẹ̀, a ó sì máa lọ. Ta ni ó fọwọ́ kàn wọ́n? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò ràn wọ́n. Rárá o, fífọwọ́kan aláìsàn kì í mú kí jẹjẹrẹ ranni. Olúwa wa fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀ pàápàá kí Ó tó wò ó sàn.

Ní ọdún 2008, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí 380 aláìsàn jẹjẹrẹ tí àìsàn wọn ti wọra gan-an. Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ara wíwọ́ wọ́ apá kan nínú wọn lára. Apá kejì, ọwọ́ lásán ni wọ́n gbé lé wọn jẹ́jẹ́. Ara tu apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtura àwọn tí wọ́n wọ́ lára pọ̀ jù lójú ẹsẹ̀. Ìtura náà kì í pẹ́ lọ títí, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa tún un ṣe.

Kò nira. Ẹ kọ́kọ́ bi aláìsàn bóyá ó fẹ́. Ẹ fi òrí tàbí òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ rọra fi ra á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ojú egbò tàbí kókó, tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó ṣàdédé wú, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì tìtorí èyí dá oògùn ìrora rẹ̀ dúró.

Ẹnìkan lè wí pé, "Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe pé a ti gbà fún ikú nìyẹn?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù 5:14 rán àwọn alàgbà sí aláìsàn pẹ̀lú àdúrà àti òróró, ẹni tí yóò sì fi òróró kun ènìyàn kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu lè máa bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn kí ọwọ́ máa ra ẹsẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí ni owó tí à ń ná sórí pósí, aṣọ ẹbí àti màlúù, nítorí ara tí kò mọ nǹkan kan mọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn gbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì láìrí ẹni fi òrí kàn án. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ bàbá nínú ìjọ, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀: kí obìnrin tọ obìnrin lọ, kí ọkùnrin tọ ọkùnrin lọ. Ẹni tí ó ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru yóò tipa bẹ́ẹ̀ rí oorun díẹ̀ sùn.

Àdúrà: Olúwa, ya ọwọ́ wa sí mímọ́ fún ìtura àwọn tí ń jẹ̀rora, kí ó tó pẹ́ jù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.